Ṣé dandan ni kí n dé Olúmọ kí n tó kọ ìtàn mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn kan ni mò ń kọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan ló sá pamọ́ sábẹ́ Olúmọ lọ́jọ́ tí àwọn Dàhòmì (ìjọba tó wà níbi tí wọ́n ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí) wá jagun l'Abẹ́òkúta ní 1851. Mi ò débẹ̀ rí, àmọ́ mo ti wo fídíò ẹ̀ lórí YouTube títí ojú fi ń ta mí. Ṣé ìyẹn ò tó ni, àbí kí n lọ wá owó mọ́tò? — Òǹkàwé yín, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, lọ wá owó mọ́tò jàre. Fídíò á fi àpáta hàn ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè mú ẹ tẹ̀ bá wọ abẹ́ àpáta táwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, kó o wá rí i bí òrùlé ẹ̀ ṣe sún mọ́ orí tó. Àwọn ihò kéékèèké wà lára òkúta níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ nǹkan jẹ, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wá rò ó wò, ebi ń pa ọmọ, ọ̀tá sì lè wà nítòsí, ṣé ìyá ẹ̀ á lọ àgbàdo ni àbí kò ní lọ̀ ọ́, torí ariwo? Èmi ò tíì rí fídíò tó bi èèyàn nírú ìbéèrè yẹn o. Má sì gun lífìtì, ẹsẹ̀ ni kó o fi gùn ún.

Àmọ́ nǹkan kan ń kọ mí lóminú nínú ìtàn ẹ. Nǹkan bí 1830 tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́ àpáta yẹn. Nígbà tó fi máa di 1851, ìlú ti ní odi, ẹnubodè Àrò sì ni wọ́n ti kọjú ìjà síra wọn, àwọn ará Ìṣagà, ìlú kan nítòsí Abẹ́òkúta, ló ní kí Dàhòmì gba ibẹ̀, àṣé àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi ibẹ̀ ṣe ni! Nítorí náà tó o bá sọ̀ kalẹ̀ l'Olúmọ, fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Àrò, má wọ ọ̀kadà, kó o mọ bó ṣe jìn sí, kó o mọ̀ bóyá ẹni tó wà lábẹ́ àpáta lè gbọ́ ìró ìbọn rárá. Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ odi ló yẹ kọ́mọ yẹn wà.

Àwọn ìyá aládìrẹ ń bẹ ní Ìtòkú, kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n nítàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ra nǹkan kó o tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè o. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kó o lọ, ọjọ́ ọdún èrò á ti pọ̀ jù.