Ọkọ̀ ojú omi tọ́kúnbọ̀: èwo nínú sáfíìsì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló kàn dandan?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ̀ náà mówó wọlé. Ẹ ní ẹ ra ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ tí ẹ fẹ́ máa fi kó èrò àti ẹja lórí adágún Ọ̀yán, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ sì ti ṣe wákàtí 900 lórí mítà. Ẹ́ńjìníà tó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kọ nǹkan mẹ́rìnlá sílẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀ kó tó kan omi, owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀. Ẹ wá ń bèèrè èyí tó kàn dandan àti èyí tó lè dúró.

Èmi náà ti gba irú ìwé yẹn rí. Ìta Òṣìn l'Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi gbé àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti àwọn abúlé etí adágún bọ̀ lápá Ìmàlà. Nǹkan mọ́kànlá ló wà nínú ìwé tèmi. Èyí tó gba owó jù ni pé kí wọ́n tú nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ẹnu tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, àti pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n gbé wọn lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn, mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ló ń jí. Kò rú èéfín dúdú, kò dún kọ́-kọ́-kọ́, kò jó dísẹ́ẹ̀lì ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù bà mí, mo sanwó. Nígbà tí mo bi í léèrè nípa impeller, ìyẹn rọ́bà kékeré tó dà bí abẹ̀bẹ̀, tó máa ń fa omi adágún wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára, ó ní òun ti wò ó, ó ṣì dáa.

Kò wò ó. Bóòtù mẹ́rin ló di ìdérí ibẹ̀ mú, ọ̀dà tí wọ́n fi kun ẹ́ńjìnnì láti ìlú òyìnbó ṣì dí ojú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí sípánà ti hó o rárá. Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo tó rí i.

Oṣù kejì ọdún ni, ọjọ́ ọjà, omi ti fà. Ìyá mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n epìyà àti àrọ̀ yíyan. A ti dé àárín kí n tó gbọ́ pé ìró ẹ̀yìn ọkọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: tí omi ìtútù bá ń bá èéfín jáde, ìró ẹ̀ máa ń rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ bí ẹni ń da omi. Tí omi ò bá wá mọ́, ìró náà á gbẹ, á máa dún gbà-gbà-gbà. Mo gbọ́ ọ, mo rò pé atẹ́gùn ni. Kò pẹ́ ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní, “Bàbá Ṣadé, kí ló ń rùn bí táyà tó ń jóná yìí?” Mo ṣí ìdérí, ooru kọlù mí lójú. Aláàmù tó yẹ kó ké tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù kò dún rárá. Wáyà ẹ̀ ti yọ, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó wá tú nọ́súlù ló yọ ọ́ kí ọwọ́ wọn lè wọlé, wọn ò dá a padà.

Mo pa á. Atẹ́gùn ń gbá wa lọ síbi tí kùkùté igi pọ̀ sí lábẹ́ omi. Pákó ìjókòó la yọ tí a fi ń wa ọkọ̀, ó lé ní wákàtí méjì kí a tó kanlẹ̀. Ìyá kan ń sunkún nítorí owó àjọ tó fi ra ẹja, òòrùn sì ń pa ẹja náà lójú ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Wọ́n bá mi fá orí náà kó tẹ́jú, a ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, a da ọ́ìlì nù lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́, a ki rọ́bà tuntun bọ inú pọ́ǹpù omi. Mo rò pé ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún gbóná. Ẹ́ńjìníà kan náà ní pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì ló ń da dísẹ́ẹ̀lì jù, kí n tún mú owó wá. Mo lé e. Mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì yẹn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo lọ gbé rọ́bà àtijọ́ tí mo jù sínú ike, mo ka àwọn abẹ̀bẹ̀ ara ẹ̀. Mẹ́fà ló yẹ kó wà lára ẹ̀. Mẹ́ta péré ló kù. Níbo ni mẹ́ta yòókù wọlé sí? Kò sí ẹni tó bèèrè. Mo tú ìdérí heat exchanger, ìyẹn àpótí tí omi adágún ń gba inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kọjá kó lè tu omi inú ẹ́ńjìnnì lára. Mo bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹnu àwọn ọ̀pá náà pẹ̀lú nylon píọ̀ wọ́tà tó ti já wẹ́wẹ́. Mo fi ẹ̀mú fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, kò gbóná mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, èyí àkọ́kọ́ nínú ìwé yín ni impeller. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má gbọ́ “ó ṣì dáa” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ò mọ ọdún tí wọ́n ti fi sí i, rọ́bà tó sì jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ máa ń gan, á wá dá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ni kí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ sì ní òmíràn nínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà tó bá a mu. Ẹ ka abẹ̀bẹ̀ ara èyí tí ẹ bá yọ. Tí ọ̀kan bá dín, ẹ wá a kàn. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì láìsí omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba rọ́bà yẹn jẹ́, torí omi gan-an ló ń jẹ́ kó yọ̀. Asẹ́ tó wà lẹ́nu ibi tí omi ti ń wọlé, àràárọ̀ ni kí ẹ máa ṣí i wò.

Ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀, dandan ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kékeré ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láàárín wákàtí 100 sí 250, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ti ọdún yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì tó bá dúró láìṣiṣẹ́, ọ́ìlì tó ti dọ̀tí inú ẹ̀ máa ń ní ásíìdì, á sì máa jẹ irin. Ẹ tan án kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó fà á jáde.

Dísẹ́ẹ̀lì náà ń kọ́? Àwọn tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì, èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e sílẹ̀ mọ́júmọ́. Tí omi bá wà níbẹ̀, á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rí ilà tó pààlà láàárín wọn. Ojú ilà yẹn ni kòkòrò tín-ín-rín máa ń gbé nínú táǹkì, á wá di nǹkan dúdú tó ń yọ̀ bí ilá, òun ló ń dí fílítà. Lásìkò ọyẹ́, tí òru bá tutù tí ọ̀sán sì gbóná, táǹkì tó ṣófo máa ń làágùn nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí táǹkì kún bí ọkọ̀ bá máa sùn. Ẹ pààrọ̀ fílítà dísẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù dísẹ́ẹ̀lì jáde bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó tán.

Nọ́súlù àti pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, tí ẹ́ńjìnnì bá ń jí wẹ́rẹ́ tí kò sì rú èéfín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èéfín dúdú nígbà tí ẹrù ò pọ̀, ìró kọ́-kọ́-kọ́ tí kò lọ, ìjí tó le láàárọ̀, ìwọ̀nyí ni àmì tí ẹ máa fi tú u. Ọwọ́ tó dọ̀tí kan ṣoṣo ti tó láti ba pọ́ǹpù tó dáa jẹ́. Tí ẹ bá sì máa tú nọ́súlù, wáṣà kọ́pà tuntun ni kí wọ́n lò. Fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn àlàfo ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò gba owó púpọ̀. Wíwọ̀n ni mo sọ o, mi ò ní kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì.

Zinc tó wà nínú ìwé yín, ìyẹn irin tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kí ìpẹtà lè jẹ ẹ́ dípò irin ọkọ̀, bí mi nínú. Omi iyọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú omi adágún tí kò níyọ̀ bíi tiwa, nǹkan funfun máa ń bo zinc, kì í ṣiṣẹ́ mọ́, magnesium ló dáa níbẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá òkun ní Èkó, kò tilẹ̀ ro ibi tí ọkọ̀ yín ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ ọkọ̀ wa wò. Wọ́n wo nọ́ńbà tí a kọ sára ọkọ̀, wọ́n ní ọ̀dà ti ṣá, wọ́n gba owó, wọn ò ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, wọn ò bèèrè ẹ̀wù ìléfòó kan ṣoṣo. Ẹ ra ẹ̀wù ìléfòó kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ kà á kó pé iye èrò, kí ẹ sì rí i pé ó wà lọ́rùn wọn. Ẹ má fi dí ojú ihò.

Ẹ tún jẹ́ kí n rántí: kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ẹ ní kó dán aláàmù wò lójú yín. Bẹ́líìtì àti họ́ọ̀sì, ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n, èyí tó bá ti là tàbí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ pààrọ̀. Omi ìtútù inú ẹ́ńjìnnì, níwọ̀n bí ẹ ò ti mọ ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fi tuntun sí i. Ọ́ìlì gíá náà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kù tí mi ò lè dáhùn láti ibí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, eyín irin ló ń yí fáàfù wọn, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n yọ látara ti mọ́tò, rọ́bà timing belt ló wà nínú wọn. Tí tiyín bá jẹ́ irú ìyẹn, òun gan-an ló ṣáájú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, torí tó bá já, fáàfù àti písítìnnì á pàdé, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò àwo irin kékeré tó ní nọ́ńbà lára ẹ́ńjìnnì náà kí n rí i. Kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan án.