Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìpolongo fún Àjọ Ìdàgbàsókè àti fún Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ilé iṣẹ́ ìpolówó kékeré kan ni mo ní ní Alágbàka, ní Àkúrẹ́. Oníbàárà méjì ló wọlé tọ̀ mí wá léraléra. Èkíní jẹ́ àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè, tó fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó forúkọ oko wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbà kí a ya ààlà oko náà sórí máàpù. Èkejì jẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń díye lé ilẹ̀ àti ilé, tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Àwọn méjèèjì ló ń béèrè pátákó ńlá ní òpópónà Ọba Adésidà. Ṣé ètò kan náà lè bá àwọn méjèèjì mu, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀? — *Obìnrin oníṣẹ́ ìpolówó, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ pátákó tì ná. Kí ẹ tó ṣírò owó kankan, ẹ ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan fi gbólóhùn kan dáhùn ìbéèrè yìí: ta ni ẹ fẹ́ kó gbọ́, kí ni ẹ sì fẹ́ kí onítọ̀hún dìde ṣe lẹ́yìn tó bá gbọ́ tán? Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ayé mọ àwọn, ẹ tún un béèrè. Àgbẹ̀ tó wà ní abà oko ní agbègbè Ìdànrè lè máà gba òpópónà Ọba Adésidà kọjá títí kòkó ọdún yìí yóò fi tán, àwọn tó sì ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn kò ní igi kòkó kan.

Iṣẹ́ àjọ yẹn wúwo, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ọjà wọn kò gbọdọ̀ wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àti pé ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí oko náà wà gan-an. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó wà lára àwọn tó ń mú kòkó jáde jù lọ ní Nàìjíríà, kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ dẹ́rù ba àwọn àgbẹ̀ nínú ìkéde yín. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá dé, tó sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, wọn kò ní fetí sí ìkéde kejì.

Ẹ wá fi ojú àgbẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọdékùnrin kan tí kò mọ̀ rí gbé fóònù wọ oko rẹ̀, ó ń rìn yí ààlà ká, ó ń dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ. Ta ni yóò rò pé nítorí ọjà Yúróòpù ni? Owó orí ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, tàbí pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń bẹ̀rù pé orúkọ onílẹ̀ ni wọn yóò kọ sílẹ̀, tí òun kò sì ní rí ẹ̀tọ́ kankan gbà. Onílẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ̀rù pé orúkọ ẹni tó ń dáko ni wọn yóò kọ, kí ilẹ̀ bàbá òun sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn kan sì tún wà tó jẹ́ inú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dá sí, ni oko wọn wà, tí wọn kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ibẹ̀ rárá. Ìdáhùn sí àwọn ìbẹ̀rù wọ̀nyí ni ìpolongo yín gan-an. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ gba ìdáhùn lọ́wọ́ àjọ náà ní kíkọ sílẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ náà, ta ni yóò lè rí i, ǹjẹ́ ó kan ẹni tó ni ilẹ̀, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú igbó ọba? Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà kò tíì tó gbé síta. Wọ́n lè bínú. Ó sàn kí wọ́n bínú ní ọ́fíìsì ju kí àwọn ará abúlé lé òṣìṣẹ́ wọn jáde lọ.

Ní ti àsìkò, kòkó tó pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń wọ ọdún tuntun. Nígbà náà, ibi òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó ni àgbẹ̀ ti máa ń dúró, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ lọ bá àwọn olùrà náà kí ẹ tó lọ sí ilé rédíò, nítorí bí ẹni tó ń wọn kòkó bá ní ìforúkọsílẹ̀ náà kò léwu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò rìn jìnnà ju orin ìpolówó lọ. Ẹ wá gbé rírìn yí ààlà oko sí inú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, kí òjò tó ba ọ̀nà oko jẹ́.

Ohun mìíràn kù, mo sì rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ kékeré máa ń gbójú fò ó: òfin ọdún 2022 tó gbé ìgbìmọ̀ tó ń darí ìpolówó ní Nàìjíríà, ìyẹn ARCON, kalẹ̀ sọ ọ́ di dandan kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde. Ẹ fi àkókò ìyẹ̀wò náà kún ètò yín.

Ní ti àwọn agbẹjọ́rò yín, ètò wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ ka èsì tó tẹ̀lé èyí.

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Oǹdó. Ọmọ mi ní kí n máa polówó ara mi lórí Facebook. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èèwọ̀ ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — *Agbẹjọ́rò, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ìlànà kọkàndínlógójì nínú ìlànà ìwà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti ọdún 2007 fàyè gba ìpolówó tó bá tọ́ tó sì yẹ, ṣùgbọ́n kò fàyè gba kí agbẹjọ́rò fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn tàbí kó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, kò sì gbà kó máa ròyìn bí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára tó, bí ó ti tóbi tó, tàbí iye ẹjọ́ tó ti borí. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní ọdún 2023, nítorí náà ẹ fi tuntun yẹn sórí tábìlì yín kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn polówó, dókítà tàbí oníṣirò owó, ẹ béèrè ìwé ìlànà tiwọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jókòó.

Èmi kò rò pé èèwọ̀ yìí pa yín lára rárá. Ẹni tó ń wá agbẹjọ́rò kì í wá ẹni tó ń fọ́nnu. Ó ń wá ẹni tí yóò lè fi ìwé ilé bàbá rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí àpẹẹrẹ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilẹ̀ ló ń gba rìsíìtì àti ìwé àdéhùn, tí wọ́n á fi wọ́n sínú àpótí, tí wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Bí ẹ bá ń fi Yorùbá tó já geere ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí Facebook tàbí rédíò, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò pè yín kó tó sanwó, ìpè yẹn sì ni a ń wá. Ẹ mú un le sí i bí ọdún bá ń lọ sópin, nígbà tí àwọn ọmọ Oǹdó tó ń gbé ní Èkó àti lókè òkun ń múra àtiwálé pẹ̀lú owó ilẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má sì ṣe gbé àwòrán oníbàárà àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀ síta láìgba àṣẹ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àṣírí tó wà láàárín yín, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ó sì kan nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń kó jọ láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Mo ń bá àjọ kan ṣe ìpolongo ní agbègbè etí òkun. Ṣé kí n kó gbogbo owó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí rédíò ṣì wúlò? Wọ́n tún ní kí n fi owó ara mi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn san án padà. — *Ọ̀dọ́kùnrin, Igbókọ̀dá*

Ìdáhùn: Rédíò ṣì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ wo èdè rẹ̀. Ìlàjẹ ni ti Igbókọ̀dá; bí ẹ bá wọ Ẹsẹ̀-Odò, èdè Ìjọ̀ ni àwọn ará Àrògbò ń sọ, ìkéde Yorùbá nìkan yóò sì fo ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wọn dá. Ẹ wá ọmọ ibẹ̀ tí yóò sọ ọ́ láti inú, kí ẹ má fún un ní ìwé tí ẹ ti kọ tán pé kó kà. Kí ẹ lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ lo nọ́ńbà fóònù kan fún rédíò àti òmíràn fún Facebook, kí ẹni tó ń gbé fóònù sì máa kọ orúkọ ìlú tí ìpè kọ̀ọ̀kan ti wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé owó lọ síbi tí ìpè ti ń wọlé.

Ní ti owó, ẹ má gbà. Púpọ̀ ilé rédíò ń gba owó kí ìkéde tó lọ sórí afẹ́fẹ́, ìwé ìsanwó àjọ sì lè pẹ́ lórí tábìlì. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí ìpele, kí àjọ náà máa san owó rédíò fún ilé rédíò fúnra wọn, kí ẹ sì gba apá kan owó iṣẹ́ tiyín kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dín iṣẹ́ náà kù sí ìwọ̀n owó tí wọ́n ti san.