Bíléèdì tó ń gún ògiri jípsọ́ọ̀mù

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri jípsọ́ọ̀mù (bọ́ọ̀dù funfun tí wọ́n fi bébà bò lójú méjèèjì) ni onílé fi pín ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ìsánlú sí méjì. Mo fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lára rẹ̀. Oníná tó kọ́kọ́ wá gbé fáìlìn maṣíìnì, ẹ̀rọ agégi-gérin tó ń yí bírí, sí i, eruku bo aṣọ oníbàárà. Àbúrò mi tó ń ṣe káfíńtà ní Kàbà wá gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n (multi-tool) wá, èyí tí bíléèdì rẹ̀ ń wọlé tààrà. Ihò àkọ́kọ́ dára. Níbi ìkejì, ó ń rùn bí ohun tó ń jóná, etí ihò sì ya. Ṣé ayédèrú ni bíléèdì náà? (Télọ̀, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òkun o. Mi ò rò pé ayédèrú ni. Jípsọ́ọ̀mù ló jẹ eyín rẹ̀. Èékánná lè ha bọ́ọ̀dù yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń họ irin, kì í pẹ́ tí eyín bíléèdì igi fi ń kú lórí rẹ̀. Bó bá sì ti kú, ẹni tó dì í mú á máa tì í. Títì yẹn ló ń mú ooru wá. Bébà ojú bọ́ọ̀dù lẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, jípsọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í jóná.

Ẹ̀rọ yẹn kì í yí bíi fáìlìn, ńṣe ló ń mì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí eruku rẹ̀ fi ń já sílẹ̀ nítòsí dípò kó fò káàkiri. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eegun ni ọgbọ́n yẹn ti wá: Homer Stryker, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1947 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé POP (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀) kúrò lára ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Jípsọ́ọ̀mù kan náà ni! Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ti káfíńtà o, eyín tirẹ̀ ń gé ènìyàn.

Kí àbúrò rẹ tó gbé e padà, kó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Kó fi òòfà wá súkúrù, ibi tí súkúrù bá tò sí ni férémù tó gbé ògiri dúró wà. Ẹ pa iná NẸ́PÀ, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà, kí tẹ́sítà sì jẹ́rìí sí i. Bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ nípọn tó mílímítà 12.5, nítorí náà kó lẹ téèpù mọ́ bíléèdì níbi mílímítà 14, kó má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Wáyà ń bẹ lẹ́yìn ibẹ̀ nígbà mìíràn.

Kó fi ọ̀bẹ mímú la bébà lórí ìlà pẹ́ńsùlù kó tó tan ẹ̀rọ, etí ihò kò ní ya mọ́. Igun bíléèdì kan ni kó kọ́kọ́ fi kan ògiri, kó máa mì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé, kó yọ ọ́, kó tún gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ ìgbà tó bá yọ sí òdì kejì. Kó má sáré dé igun, àgékọjá kì í ṣe é fi pamọ́ dáadáa.

Ní ti bíléèdì, èyí tí kò gé igi dáadáa mọ́ ni kó yà sọ́tọ̀ fún jípsọ́ọ̀mù. Bí ihò bá pọ̀, kó ra eléyín carbide (ohun tó le ju irin lásán lọ), ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Bí irin férémù bá wà lójú ọ̀nà, bimetal (oríṣi irin méjì tí wọ́n jó pọ̀) ni kó lò. Fún ihò kan péré tó kù yìí, èmi á lo ayùn ọwọ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Kò gbówó lórí, kò sì nílò iná, ọwọ́ sì tètè ń mọ̀ ọ́n bó bá kan wáyà.

Fi ọ̀rá bo gbogbo aṣọ, kí ẹ lo ìbòmú, eruku yìí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ní ti etí tó ya, gé bébà tó ń fì kúrò, fi filler (ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ògiri) dí i, kó gbẹ, kó o fi sáńpépà ha á. Bí ihò bá ti fẹ̀ ju ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, kí wọ́n lẹ ègé bọ́ọ̀dù tuntun sí i kí wọ́n tó gbẹ́ òmíràn.