Ẹ Bi Bàbá Rẹwáyà: Iná Ọkọ̀ Tó Ń Pani Lójú Lóru

Bàbá Rẹwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà n'Íbàdàn ni mo ti ń ta èlùbọ́. Ṣakí ni mo ti ń kó ọjà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ń wa Sienna mi láti ọdún 2011. Ẹni ọdún 58 ni mí. Kí wọ́n tó di ẹrù tán fún mi, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Kò sí wàhálà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì ni iná àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ti fẹ́ lé mi kúrò lójú títì. Iná funfun kan báyìí, bíi ti àwọn tó ń jó irin pọ̀. Tó bá ti tàn sí mi, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́ títí ọkọ̀ náà á fi kọjá, kí n tó mí, òmíràn á ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàárín Ìṣẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, ọ̀kadà kan tí kò ní iná lẹ́yìn wà níwájú mi. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a kí n tó rí i. Bí mo ṣe tẹ bíréèkì, àpò èlùbọ́ méjì já wá síwájú lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin mi ní kí n ra gíláàsì yẹ́lò tí wọ́n ń kiri rẹ̀ nínú gosílóò. Ẹnì kan nínú ọjà ní kí èmi náà fi iná funfun yẹn sí ọkọ̀ mi, kí ojú ta ojú. Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé èmi kì í tan fúù láìtì tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń ṣẹ́ iná sí mi, àwọn míì á tún bú mi bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Bódìjà


Ìyá wa, ẹ kú ewu. Orí tó kó ọlọ́kadà yẹn yọ ló kó ẹ̀yin náà yọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tó kẹ́yìn ṣíwájú. Èlùbọ́ yín ni wọ́n ń bú, ẹ̀yin kọ́. Tí ẹ bá kó àpò jọ sẹ́yìn Sienna, ìdí ọkọ̀ á rọlẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná tó yẹ kó máa wo ojú títì á wá máa wo ojú èèyàn. Iná rírẹlẹ̀ lẹ tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń bọ̀, fúù láìtì ni. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ mi nìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn oníṣu àti onígàrí bá ti ọ̀nà dé: gílóòbù ò ní àléébù, wáyà ò ní àléébù, ẹrù ló tẹ ọkọ̀ nídìí. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù kan ní nǹkan roboto kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìtíárìn, wọ́n kọ 0, 1, 2, 3 sí i. Iná ni wọ́n fi ń tẹ̀ wálẹ̀ tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ ni iná ń wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ló ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò fọwọ́ kàn án rí. Àwọn Sienna tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà tó ti kọjá lọ́wọ́ mi kò ní in, nítorí náà ọwọ́ la ó fi ṣe tiyín.

Ẹ di ẹrù sínú ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń dì í, ẹ fẹ́ táyà dáadáa, kí ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú níwájú ògiri. Kí rẹwáyà yín fi téèpù wọn iná iwájú láti ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn rẹ̀, kó sì fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ní gíga kan náà. Kí ẹ wá fà sẹ́yìn tó mítà 10, kí ẹ tan iná rírẹlẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí lókè tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà ẹfun yẹn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Tó bá ga ju ìlà lọ, ojú ẹlòmíì lẹ ń tàn án sí. Síkúrúù wà lẹ́yìn ilé iná tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, iṣẹ́ tí kò tó ìdajì wákàtí ni. Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn tó ń di ẹrù pé kí wọ́n kó àpò tó wúwo jù síwájú, sítòsí àárín ọkọ̀, kí wọ́n sì fi okùn dè é. Àpò tó já wá síwájú lọ́jọ́ yẹn, tó bá bá yín lọ́rùn ńkọ́? Kí mẹkáníìkì sì wo sípíríǹgì ẹ̀yìn, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó wá kan iná funfun. Ìyá, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má fi sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń tà á gan-an, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n. Gílóòbù àtijọ́ tí à ń pè ní H4, wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ 60 wáàtì fún fúù láìtì, èkejì 55 fún iná rírẹlẹ̀. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí ṣíbí kékeré gbé wáyà ti iná rírẹlẹ̀ yẹn nísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa kan ìdajì àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì tó ṣíbí náà dí yẹn ni ì bá ju ìmọ́lẹ̀ sókè. Ibi tí wáyà yẹn wà nínú àwo, wọ́n wọ̀n ọ́n débi pé tó bá yẹ̀ bí ìbú ọkà bàbà, iná á ti ṣìnà. Wọ́n á wá yọ gílóòbù yẹn sọnù, wọ́n á ki LED, iná funfun tí à ń sọ yìí, tí wọn ò ṣe fún àwo yẹn sí i. Ìmọ́lẹ̀ ò mọ ibi tí wọ́n ní kó gbà mọ́, ó ń fọ́n ká, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á rí i tí iwájú rẹ̀ funfun báláú, á ní òun gbádùn rẹ̀. Ibi tó jìnnà tó yẹ kó máa rí kò mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà míì kò tó o. Ti òjò àti kurukuru ọyẹ́ ló burú jù, gbogbo funfun yẹn á ta padà sí òun alára lójú.

Wọ́n sì máa ń kọ 6000K sára páálí, oníbàárà á rò pé agbára iná ni. Àwọ̀ iná ni K yẹn ń sọ. Gílóòbù àtijọ́ tó pọ́n bíi ti àtùpà kò ju bíi 3200 lọ. Bó ṣe ń ga sí i ni iná ń funfun sí i títí á fi dà bí aró, irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ni ojú lára lóru ju èyí tó pọ́n lọ. Mo ti lé oníbàárà padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí mo pàdánù ò dùn mí.

Tí ọkọ̀ tí iná rẹ̀ le bá ń bọ̀, ẹ má wò ó. Ojú èèyàn máa ń fẹ́ wo iná, bíi ti kòkòrò, àfi kí ẹ fipá mú un. Ẹ gbé ojú sápá ọ̀tún yín, síbi tí ọ̀dà ti pàdé koríko, ẹ máa tẹ̀ lé etí yẹn títí á fi kọjá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Tí ẹ bá ń sá 80 ní wákàtí, mítà 22 lẹ ń lọ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí iná bá pa yín lójú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré, ẹ ti wa ọkọ̀ gba mítà 66 láìríran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú pápá bọ́ọ̀lù. Iná rírẹlẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn kọjá mítà 60, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń sá 80 nílò mítà bíi 53 kó tó dúró, lórí títì gbígbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tó dára, láìsí ẹrù púpọ̀. Tiyín kún fún ẹrù. Ní 60, ohun tó nílò á wá sí bíi mítà 33. Ẹ má kọjá 60 lóru lójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ má sì ṣẹ́ fúù láìtì padà láti fi gbẹ̀san. Ṣé kí afọ́jú méjì wá pàdé lójú títì tóóró ni?

Lọ́dún 1997, mo ń ti Ìlọrin bọ̀ nínú 504 mi, àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì ń sùn lẹ́yìn. A ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà Ọ̀yọ́ là ń lọ. Tírélà kan yọ níwájú, kò rẹ iná sílẹ̀. Mo bínú, mo tan tèmi sí i, ojú mi méjèèjì wà lára rẹ̀. Ó kọjá, dúdú kan ṣú bo ojú mi. Nínú dúdú yẹn ni mo gbọ́ tí nǹkan ń pariwo lábẹ́ táyà, wàràwàrà, wàràwàrà. Ewé ni. Ẹnì kan ti ṣẹ́ ẹ̀ka igi sójú títì. Ẹsẹ̀ mi mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí orí mi tó mọ̀ ọ́n, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú mi là, ìdí tírélà mìíràn ló wà níwájú mi, ó kú sójú ọ̀nà láìsí iná kankan, àlàfo tó wà láàárín wa kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè dúró. Ẹni tó ṣẹ́ ewé yẹn, mi ò rí i, mi ò sì yéé ṣàdúrà fún un. Láti ọjọ́ yẹn mi ò fi iná bá ẹnikẹ́ni jà mọ́.

Ti gíláàsì yẹ́lò, ẹ sọ fún ọmọ yín pé mo ní kó tọ́jú owó rẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2019, wọ́n fi àwọn èèyàn sídìí ẹ̀rọ tó dà bí ọkọ̀, wọ́n tan iná sí wọn bíi tòru. Àwọn tó wọ gíláàsì yẹ́lò kò tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ju àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ tí ẹ fi bojú lóru, ìmọ́lẹ̀ ló ń bù kù. Ẹ kúkú nu gíláàsì iwájú, nínú àti lóde. Ọ̀rá kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú tí èèyàn kì í rí lọ́sàn-án, iná á kan án lóru, gbogbo rẹ̀ á funfun. Tí wáípà bá ti ha gíláàsì náà, ohun kan náà ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún tó gún mi jù nínú lẹ́tà yín ni “láti bí ọdún méjì.” Iná funfun ti wà lójú títì wa ṣáájú ọdún méjì. Ìyá, ẹ lọ rí dókítà ojú. Ojú ẹni ọgọ́ta ọdún, ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ọmọ ogún ọdún ló ń wọ̀ ọ́, ìyẹn láìsí àìsàn kankan. Tí kátárátì bá wá bẹ̀rẹ̀, tí ohun tó mọ́ gaara nínú ẹyinjú ń dọ̀tí bíi gíláàsì tí èéfín bò, iná ọkọ̀ lóru ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ẹ lè máa ka owó dáadáa lọ́sàn-án, kí ẹ rò pé kò sí nǹkan. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń ṣeé ṣe, wọ́n á yọ eléyìí, wọ́n á fi tuntun sí i. Kí wọ́n wo gùlókómà náà, nítorí ìyẹn kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ojú gbé, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Kí wọ́n sì wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí Bódìjà. Títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sun Ṣakí mọ́jú, tàbí kí ẹ wá ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Owó ilé oorun á jẹ díẹ̀ nínú èrè lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́.


Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra Golf tòkunbọ̀ kan ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. London ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n sì ti yí sìtíárìn rẹ̀ wá sápá òsì. Gílóòbù tó bá a wá náà ló ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì kó ẹrù. Mo ti gbé e fún rẹwáyà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tẹ iná wálẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá pàdé mi lóru ló ń ṣẹ́ iná sí mi.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta


Ọmọ mi, sìtíárìn ni wọ́n yí, wọn ò yí ojú rẹ̀. Apá òsì ojú títì ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ nílùú Ọba, nítorí náà wọ́n ṣe iná rẹ̀ kó gbé sókè díẹ̀ lápá òsì, kó lè fi etí ọ̀nà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn hàn. Níbí, apá òsì rẹ ni ẹni tó ń bọ̀ wà, ojú rẹ̀ tààrà ni iná yẹn ń gòkè sí. Òsì ni àwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sápá ọ̀tún, ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà, mo rántí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún wa lójoojúmọ́ kí a tó sọdá títì. Àwọn ará ìlú Ọba tó bá wa ọkọ̀ wọn sọdá sí Faransé, wọ́n máa ń lẹ nǹkan mọ́ ojú iná kó má bàa fọ́ èèyàn lójú lọ́hùn-ún. Ìwọ ò ṣe ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, ìlẹ̀mọ́ ò tó ọ. Títẹ̀ wálẹ̀ náà ò lè tún un ṣe, ìwọ alára kàn máa pàdánù ìmọ́lẹ̀ ni.

Wá ilé iná méjèèjì tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọ̀tún, ti Jámánì tàbí ti Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara Golf máa ń ní in. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, kí wọ́n tan iná rírẹlẹ̀ sára ògiri, kí o sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gòkè lápá ọ̀tún rẹ, gbé e. Tó bá gòkè lápá òsì, fi sílẹ̀ fún wọn.