Kí ẹ tó yan alága tuntun, ẹ lọ wá àwọn tó ti lọ

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹgbẹ́ yín nínú ìbò, alága yín ti fipò sílẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni kí ẹ fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, olówó kan ni wọ́n sì ti mú, wọ́n ní kọ̀ǹsẹ́ńsọ̀ ni, kí gbogbo yín ṣáà fọwọ́ sí i. O wá ń bèèrè bóyá kó o bá wọn fọwọ́ sí i. Má fọwọ́ sí i o. Mo ti ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù rí níbí ní Òṣogbo, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí gan-an làwa náà ṣe, ọwọ́ mi wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Lọ́dún yẹn tá a fìdí rẹmi, ìbò ò tíì tutù nílẹ̀ tí wọ́n fi pè wá sí mítíìnì. Pálọ̀ bàbá kan ní Òkè-Fíà la pé sí, wọ́n ti gbé mínírà síwájú kálukú kí n tó dé. Bàbá yẹn na bébà kan sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, kà á sí wọn létí." Orúkọ ló kún inú ẹ̀, látorí alága dórí akápò, wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́ wá. Mo kà á látòkè délẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta gààrí ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ìyá yẹn ní ìwé ẹ́sásáìsì kan tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Inú ìwé yẹn ló ń kọ orúkọ gbogbo obìnrin tó bá bá sọ̀rọ̀ sí, ojúlé sí ojúlé, ta ni káàdì ìdìbò ẹ̀ ti sọnù, ta ni ọkọ ẹ̀ ò jẹ́ kó jáde, ta la ṣèlérí fún tá ò mú un ṣẹ. Mo mọ ìwé yẹn torí èmi ni mo máa ń bá a kọ ọ́ nígbà tí ojú bá ń dùn ún. Ó nawọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun náà fẹ́ jáde dupò, ẹ jẹ́ ká dìbò, tóun bá pàdánù òun á gbà. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí." Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ká ìwé ẹ̀ sínú báàgì, ó kí wa pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Kò bá ẹgbẹ́ mìíì ṣe o, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ó kàn jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀ ni. Nígbà tí ìbò tún dé, èmi ni ẹ́jẹ́ǹtì ní yúnìtì tó wà ládùúgbò ẹ̀, mo dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa bébà ìdìbò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òkìtì tiwa kàn dúró sójú kan ni, tàwọn yòókù ń ga. Àwọn obìnrin inú ìwé yẹn ò jáde wá.

Ìbò Ọ̀ṣun kì í sì í ṣe ìbò téèyàn lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Rántí ìbò gómìnà 2018. Wọ́n dì í lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, PDP fi ìbò 353 ṣíwájú, INEC ní kò tíì parí, wọ́n tún un dì ní yúnìtì 7 lọ́jọ́ 27, APC wá fi ìbò 482 wọlé. 482 fún odindi ìpínlẹ̀! Obìnrin bíi mélòó tó ní ìwé bíi ti ìyá yẹn ló máa kó 482 jọ?

O tún mẹ́nu ba Kemi Badenoch, ẹni tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative nílùú Ọba, o ní àwọn òyìnbó náà kàn gbé ọmọ Yorùbá sípò ni wéré. Wọn ò gbé e sípò wéré o. Ọjọ́ 4 oṣù keje 2024 ni wọ́n lu ẹgbẹ́ Conservative bolẹ̀, ìjókòó 121 péré ló kù fún wọn nínú 650 tó wà nílé aṣòfin. Rishi Sunak tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà ní òun á lọ, àmọ́ ó dúró di ilé mú títí tí wọ́n fi yan ẹlòmíì. Èèyàn 6 ló jáde, àwọn aṣòfin wọn ń fi ìbò já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Kemi ní 42, Robert Jenrick 41, James Cleverly tó ṣíwájú lọ́jọ́ tó ṣáájú ló já bọ́ pẹ̀lú 37. Wọ́n wá gbé àwọn méjì tó kù lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá, Kemi ní 53,806, Jenrick ní 41,388, ìyẹn ti di ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tó bá pàdánù mọ iye ìbò tóun fi pàdánù, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Tọ̀rọ̀ olówó yẹn, mi ò ní kí olówó má ṣe alága, owó ṣe pàtàkì, ta ló máa san rẹ́ǹtì ọ́fíìsì? Àmọ́ alága tí wọ́n fi bébà yẹn yàn fún wa, òun ló ra àga oníke tá à ń jókòó sí, ó tẹ orúkọ ara ẹ̀ sẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ tó bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíì, pikọ́ọ̀pù ló wá kó àga náà, jẹnẹrétọ̀ tún bá a lọ, èmi àtàwọn ọmọ kéékèèké kan la wà nílẹ̀ tá à ń wò wọ́n.

Ohun tó o lè dì mú nìyí. Òfin ìdìbò ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fún INEC ní ìwé ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n máa fi yan olóyè ẹgbẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfo ni. Ti yíyan olùdíje tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe kọ̀ǹsẹ́ńsọ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ jáde ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fínnúfíndọ̀ yọwọ́. Má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ̀yin náà gbọ́ ti Zamfara ní 2019, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ da gbogbo ìbò APC nù torí wọn ò ṣe ìdìbò abẹ́lé bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n fi alámòójútó kan síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹni tí kò ní jáde dupò o, kó lọ wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú rẹ́jísítà, kó máa bèèrè ẹni tí kò wá mọ́ àti ohun tó lé e lọ. Bó bá ti lẹ́ni méjì tó fẹ́ ṣe alága, ẹ dìbò, kí ẹ ka ìbò náà lójú gbogbo èèyàn, kódà kí olówó yẹn wọlé.

Àmọ́ lẹ́tà INEC ni kó o kọ́kọ́ bèèrè. Kí wọ́n fi hàn ẹ́, wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ dáadáa kó o kà á dé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan alága. Tí kò bá pé ọjọ́ 21, dìde níbẹ̀ kó o sọ ọ́ kí akọ̀wé yín tó ṣí bébà.