Mo Ra Ọkọ̀ Onítọ́bò: Kí Ni Kí N Kọ́kọ́ Náwó Lé Lórí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ka ìdáhùn yín lóṣooṣù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Honda Civic 2018, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1.5 onítọ́bò, gíà rẹ̀ sì jẹ́ ọtọ́máàtíìkì tí wọ́n ń pè ní CVT. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà. Corolla bàbá mi ni mo ń wà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kó túbọ̀ lágbára. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ lọ yí ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà. Ẹnìkan ní fílítà afẹ́fẹ́ olórí ṣíṣí ni, ẹlòmíràn ní sàlẹ́ńsà ńlá. Mo ti tọ́jú ₦800,000. Mo fẹ́ kó ti wà ní sẹpẹ́ kí Ojúde Ọba tó dé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? – Ọmọ Ìwàdé, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. Ẹ̀mí rẹ á lò ó.

Má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ohun mẹ́ta ló ń bá ọkọ̀ onítọ́bò fà á nílẹ̀ wa: ooru, ọ́ìlì tí kò dára, àti irú epo bẹntiróò tí a ń rà. Bí o kò bá tíì yanjú wọn, agbára yòówù tí o bá fi kún ẹ́ńjìnì yẹn, gbèsè lo ń kó sí i lọ́rùn.

Jẹ́ kí n sọ bí tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi ti wá. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnì, tí ì bá gba sàlẹ́ńsà lọ lófo, ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọ̀pá irin kan so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ èkejì, èkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnì bí ẹni ń ki gààrí sínú àpò. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ló ń jẹ́ kí epo tó pọ̀ jó, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tó sì gbé e dúró kò ju ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ìjọ́ tí ọ́ìlì bá di ẹrẹ̀, irin á máa ha irin.

Afẹ́fẹ́ tí a bá sì kì pọ̀ máa ń gbóná. Ẹni tó bá ti fi páńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ bí ìdí páńpù ṣe ń ta èèyàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé intercooler sẹ́yìn bọ́ńpà iwájú: ó dà bíi rédíétọ̀ kékeré, inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí tọ́bò kì ń gbà kọjá kó lè tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù dé inú sìlíńdà, epo á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, nígbà tí písítìnì ṣì ń gòkè bọ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Èyí kọ́ ni ohun tí àwa mẹ́káníìkì ń pè ní “ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì” o, àmọ́ bó bá pẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa já sí.

Wàhálà yìí kì í ṣe tòní. Nígbà tí Oldsmobile gbé Jetfire jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, tó wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún títà, wọ́n ní láti fi omi tí wọ́n pò mọ́ methanol sínú ike kan lọ́tọ̀, kó máa fọ́n sínú afẹ́fẹ́, kí epo má bàa gbiná ṣáájú àkókò. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni kò rántí bu omi náà kún un.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, oníbàárà mi kan gbé Golf GTI wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti ra fáìlì kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnìkan lórí fóònù, ó ní kí n bá òun kó o sínú ọkọ̀. Mo bi í pé epo wo ni wọ́n ṣe é fún, ó ní epo nọ́ńbà 93. N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A wà á dé Ṣàgámù, a wà á padà, ọkọ̀ ń fò bí àṣá, inú àwa méjèèjì ń dùn. Lọ́jọ́ kọkànlá ló pè mí láti ìtòsí Ògbèrè, lójú ọ̀nà Bìní, pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, pé èéfín aláró ń jáde nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, etí písítìnì kẹta ti já níbi tí ríìngì rẹ̀ jókòó sí, bí ìgbà tí eku bá jẹ etí bísíkíìtì. Ojú ibi tó ti já ń dán yanran. Mo rí èyí tó kù nínú àwo ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnì.

Iye 93 tí wọ́n ń wí yẹn, ìwọ̀n Amẹ́ríkà ni. Ó sún mọ́ 98 ní ìwọ̀n Yúróòpù, n kò sì mọ ilé epo kan láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù tó ń ta irú rẹ̀. Èmi ni ọ̀gá, èmi ló yẹ kí n mọ̀. Mo bá a dá ìdajì owó ẹ́ńjìnì náà, ó sì ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, gbọ́ èyí dáadáa. Nọ́ńbà epo ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìkìmọ́lẹ̀ àti ooru tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kì í kà á bákan náà: 87 Amẹ́ríkà jẹ́ bíi 91 tàbí 92 ti Yúróòpù, epo tiwa náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Civic tìrẹ, 87 yìí gan-an ni Honda ṣe é fún, òun ló sì fi ń mú agbára ẹṣin 174 jáde. Bó ṣe wà yẹn, òun àti epo wa mọwọ́ ara wọn. Ọjọ́ tí o bá kó fáìlì tí wọ́n ṣe fún epo òkèèrè sí i ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Owó rẹ wá ńkọ́? Ọ́ìlì ni kó kọ́kọ́ gbà á. Da èyí tó wà nínú rẹ̀ nù, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún ọ sọ. 0W-20 ni ìwé Honda wí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Wo ara gálọ́ọ̀nù kí o rí API SP níbẹ̀, àmì tó ń sọ ìpele ọ́ìlì. Lọ́dún 2020 ni ìpele SP jáde, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dáàbò bo ẹ́ńjìnì kékeré onítọ́bò, torí irú iná òjijì kan tó máa ń ṣẹ́ yọ nínú wọn bí ẹ́ńjìnì bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ tí awakọ̀ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ẹni tí o mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí o ti rà á, torí ayédèrú pọ̀. Gbogbo 5,000 kìlómítà ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá tú fílítà ọ́ìlì, mo máa ń fi ayùn gé e, màá tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Bí ó bá ń dán wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n bu fàdákà lílọ̀ sí i, irin kan ti ń jẹ ara rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì yẹn. Máa gbóòórùn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì pẹ̀lú. Wọ́n mọ ẹ́ńjìnì 1.5 yìí mọ́ kí epo bẹntiróò máa yọ́ wọnú ọ́ìlì, ní ìlú olótùútù jù lọ. Bí ọ́ìlì bá ń ga sí i tó sì ń run bẹntiróò, má dúró de 5,000.

Ìgbà yẹn ni kí o wá bọ́ sí gíà. Bẹ́líìtì irin ló wà nínú CVT, tó ń sáré láàárín púlì méjì. Epo gíà Honda tí wọ́n ń pè ní HCF-2 ni kí o rà sí i, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu epo gíà lásán sí i. Agbára tí o bá fi kún ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì yẹn ló ń gbé e. Bí ó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ojú púlì ti fá, kò sì sí ohun tí òòlù àti sípánà mi lè ṣe sí i.

Táyà ni ó kàn, ibẹ̀ ni màá jẹ́ kí owó rẹ pọ̀ sí jù. Bí tìrẹ bá ṣì ń lo 215/50R17, ra mẹ́rin tuntun. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́tà DOT, kí o wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tokúnbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú pa lára kó lè máa dán, nọ́ńbà yẹn kò lè purọ́ fún ọ. Kí o tú omi bíréèkì náà dànù, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi bíréèkì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, kì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́. DOT 4 ni mo máa ń fi sí ọkọ̀ tí mo bá mọ̀ pé ẹni tó ni ín fẹ́ràn eré. Eré náà ní òdiwọ̀n, o mọ̀ ọ́n: 100 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópó ńlá.

Lẹ́yìn èyí, intercooler. Òun gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń fi kún ọkọ̀ onítọ́bò nítorí agbára. Mo so sìkánà mọ́ Civic kan bíi tìrẹ ní ọ̀sán kan láàárín oṣù kẹta. Ooru ìta jẹ́ 34°C. Nínú gosíló ní ẹnu ọ̀nà Ṣàgámù, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì gùn dé 63°C. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀nà ṣe là, ọkọ̀ náà wúwo bí ẹni tó jẹ iyán yó. Kọ̀ǹpútà ti rí ooru, ó ti fa àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná sẹ́yìn láti dáàbò bo písítìnì. Agbára tí o ti sanwó fún ni ooru ń gbà lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́. Intercooler tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún ọ, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé o fọwọ́ kan nǹkan.

Fi àpótí fílítà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Fílítà olórí ṣíṣí tó jókòó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnì ló ń fà símú. Fílítà bébà tuntun ni kí o fi sínú àpótí náà, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó bá ń pọ́n lẹ́lẹ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ó lè tó àsìkò lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ Hondata ní FlashPro, ẹ̀rọ tí a fi ń yí ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà, tó bá Civic rẹ mu. Bí o bá máa lò ó, èyí tí wọ́n ṣe fún 87 ni kí o mú, kí o sọ fún wọn pé CVT ni gíà rẹ, kí o sì jẹ́ kí a jọ ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá wà á. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ọ láìbi ọ́ léèrè epo àti gíà, fi owó rẹ sápò kí o máa lọ.

Ojúde Ọba tí o dá lọ́jọ́, rò ó wò. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá yẹn, ẹsẹ̀ lásán yára ju mọ́tò lọ láàárín Ìjẹ̀bú-Òde. Wákàtí méjì, mẹ́ta nínú oòrùn, ọkọ̀ ń rákò, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Kí rédíétọ̀ rẹ mọ́, kí fáànù rẹ máa yí, kí omi rẹ má jò: ohun tí ọkọ̀ náà nílò lọ́jọ́ náà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọkọ mi ra Tiguan onítọ́bò fún mi. Ẹnìkan sọ pé n kò gbọdọ̀ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé kí n jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́nnẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí. Láyé ọjọ́un, ọ́ìlì nìkan ló ń tu ọ̀pọ̀ tọ́bò lára. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnì lójijì, ọ́ìlì á dúró lójú kan, á sì jóná di èédú nínú ihò tóóró. Tiyín, omi tún ń tù ú lára, páńpù oníná sì lè máa yí omi náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Bí ẹ bá sáré bọ̀ láti òpópó ńlá, bí ẹ ṣe rọra gba àárín ìlú wọlé yẹn ti tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òpópó gan-an lẹ ti dúró lẹ́yìn eré, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i láàárọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Èyí ṣe pàtàkì ju ti alẹ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, mo fẹ́ kí tọ́bò mi máa dún “pṣííì” bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ṣé kí n ra blow-off valve? – Onímọ́tò, Ìjẹ̀bú-Igbó.

ÌDÁHÙN: Fáàfù yìí kàn ń tú afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti kì sí ìta bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, kò ní fi agbára kún un. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ti ka afẹ́fẹ́ náà kó tó dé tọ́bò, ó sì ti pèsè epo sílẹ̀ dè é. Bí o bá tú u sí ìta, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, púlọ́ọ̀gì á dúdú, ọkọ̀ á máa kú bí o bá fẹ́ dúró. Bí ó bá ń dún fúnra rẹ̀ nísinsìnyí láìjẹ́ pé o fi nǹkan kan sí i, afẹ́fẹ́ ń jò. Ta ọṣẹ àti omi sí ìsopọ̀ àwọn ọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, jẹ́ kí ẹnìkan fi afẹ́fẹ́ páńpù díẹ̀ sí i láti ẹnu ọ́ọ̀sì, kí o wo ibi tí yóò ti hó.