Owó oṣù ń wọlé, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ò dùn mọ́ mi: ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akáùńtáǹtì nílé-iṣẹ́ kan náà. Owó oṣù ń wọlé lásìkò, ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú, èmi àti ẹnikẹ́ni ò sì jà. Síbẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú mi á ṣàdédé bà jẹ́, àyà mi á wúwo. Tí mo bá sọ fún ìyàwó mi, á ní ṣé mo mọ iye èèyàn tó ń wá irú iṣẹ́ yìí ni. Ṣé àwọn èèyàn tiẹ̀ ń gbádùn iṣẹ́ wọn lóòótọ́, àbí gbogbo wa kàn ń fara dà á? Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù kan kúrò lórí yín: ẹ kì í ṣe aláìmoore. Èèyàn lè mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà má sì dùn mọ́ ọn. Ọ̀kan ni ìyàwó yín ń sọ, èkejì lẹ̀yin ń sọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì jàre.

Àwọn tó ń gbádùn iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Gallup, tó máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò káàkiri àgbáyé lọ́dọọdún, gbé àbọ̀ kan jáde lọ́dún 2024. Nínú òṣìṣẹ́ 100, 23 péré ni ọkàn wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn 62 kàn ń wá, wọ́n ń ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, wọ́n ń lọ sílé. Àwọn 15 tó kù ti kórìíra iṣẹ́ náà débi pé kò ṣeé fi pa mọ́ mọ́. Àárín àwọn 62 yẹn ni mo rò pé ẹ wà, ibẹ̀ ló sì ṣòro jù láti ṣàlàyé fún ẹlòmíì. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń bú lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀yin ò rí ojú ọgbẹ́ kankan tí ẹ lè nawọ́ sí.

Ó ṣe wẹ́kú pé akáùńtáǹtì ni yín, torí àwọn akáùńtáǹtì wà lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ láyé ọjọ́un. Frederick Herzberg, ará Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èrò ọkàn ẹ̀dá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti nǹkan bí 200 ẹnjiníà àti akáùńtáǹtì ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1959. Wọ́n ní kí olúkúlùkù rántí ìgbà kan tí inú rẹ̀ dùn gan-an lẹ́nu iṣẹ́, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó rántí ìgbà tí inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an, kó sọ ìyẹn náà. Àwọn tó ń sọ ìgbà ìbànújẹ́ ń dárúkọ òfin ilé-iṣẹ́, ọ̀gá, owó oṣù, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ ìgbà ayọ̀ kì í sábà dárúkọ ìwọ̀nyẹn. Iṣẹ́ tó le tí wọ́n ṣe yọrí ni wọ́n ń sọ, ẹni tó kíyè sí i tó sì yìn wọ́n, ohun ńlá tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn, àti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyẹn. Owó oṣù tó ń wọlé lásìkò àti ọ̀gá tó mọ̀wà hù máa ń lé ìrora lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé adùn wá. Ilé tí kò jò lẹ wà. Bóyá ilé náà wù yín í gbé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ kan ta ko Herzberg. Wọ́n ní bí nǹkan bá dáa, ọmọ aráyé a ní ọwọ́ òun ló ṣe é. Bó bá bà jẹ́, a ní ẹlòmíì ló fà á. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Èmi náà ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé owó ò já mọ́ nǹkan: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò gbọ́ bùkátà, owó ni kó kọ́kọ́ wá, ìmọ̀ràn mi lè dúró dè é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Herzberg yẹn, mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá bá mi.

Mo bi obìnrin kan rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù sínú kọ̀ǹpútà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó dákẹ́ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í ní nǹkan mìíràn. Ó wá ní lọ́jọ́ kan òun rí i pé ọjọ́ ìbí bàbá kan nínú fọ́ọ̀mù kò bá ti inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mu. Wọn ò ní kó pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó pe bàbá náà. Bàbá yẹn ní oṣù mẹ́fà lòun ti ń retí owó ìfẹ̀yìntì òun tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tó dá a dúró. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó gbé ẹ̀yìn kúrò lára àga, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Mo béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kì í ṣe títẹ̀ ló sú u. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún.

Adam Grant, ará Amẹ́ríkà tóun náà kẹ́kọ̀ọ́ nípa èrò ọkàn ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú nǹkan yìí wò ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2007. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi fóònù bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dáwó fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n mú lára wọn lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jàǹfààní owó náà, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Nígbà tó di oṣù kan, àkókò tí wọ́n ń lò lórí fóònù ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń rí kó jọ náà lé púpọ̀. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù wọn.

Lọ́dún 1976, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́, Richard Hackman àti Greg Oldham, to ohun tó ń mú iṣẹ́ ládùn jọ sí márùn-ún, mo sì ń rí ojú yín nínú wọn. Kí iṣẹ́ máa lo oríṣiríṣi ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ èèyàn. Kó lè ṣe nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má jẹ́ pé àárín nìkan ló ń dì mú. Kí iṣẹ́ náà ṣe ẹlòmíì láǹfààní. Kí ó ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí bó ṣe máa ṣe é. Kí ó sì máa mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa. Akáùńtáǹtì tó ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ lóṣooṣù, tó ń fi ránṣẹ́ sókè, tí kò sì mọ ìpinnu tí wọ́n fi ṣe, ó pàdánù mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i láràárọ̀.

Ẹ má fọwọ́ kékeré mú ti ìkẹrin, ẹnu ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1985 ni Michael Marmot, onímọ̀ nípa ìlera, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 lẹ́yìn ní London. Lọ́dún 1997, wọ́n sọ pé àwọn tí kò ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ara wọn ni àrùn ọkàn ń bá jù, àti pé èyí wà lára ohun pàtàkì tó fà á tí ara àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò fi le tó ti àwọn tó wà lókè. Nítorí náà, tí èèyàn bá ní iṣẹ́ sú òun torí pé wọn kì í jẹ́ kí òun pinnu ohunkóhun, kì í ṣe àkẹ́jù.

Apá kan wà tó jẹ́ ọwọ́ yín ló wà. Amy Wrzesniewski, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa ohun tí iṣẹ́ jẹ́ fún èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí lọ́dún 1997 pé àwọn kan ka iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà àtijẹ, àwọn kan kà á sí àkàsọ̀ tí wọ́n ń gùn, àwọn kan kà á sí ohun tí a torí rẹ̀ dá wọn sáyé. Àwọn akọ̀wé 24 wà nínú wọn tí iṣẹ́ wọn jọra, síbẹ̀ ọ̀nà mẹ́ta náà ni wọ́n pín sí. Nígbà tó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ìwòsàn, ó bá àwọn tó ní ìdọ̀tí làwọn ń kó, ó sì bá àwọn tó ní àwọn náà ń bá wọn wo aláìsàn sàn. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí a máa pààrọ̀ àyè àwọn àwòrán ara ògiri nínú yàrá àwọn tí kò mọ ẹni mọ èèyàn mọ́, ó rò pé bóyá ojú tuntun á ta wọ́n jí. Kò sẹ́ni tó rán an. Mi ò sọ èyí kí àwọn ọ̀gá lè máa fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò owó oṣù o. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣèkà.

Nípa ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ẹ má tíì kọ ọ́. Ìwádìí lórí àwọn tó yí iṣẹ́ padà fi hàn pé inú wọn máa ń dùn gan-an bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tuntun, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ayọ̀ náà a sì rọlẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó sọnù nínú márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ́ gbé àìsí rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ẹ ra ìwé pélébé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó dìde lórí tábìlì lójoojúmọ́, ẹ kọ ìlà méjì: ìgbà wo lónìí ni mi ò rántí wo aago, kí ni mò ń ṣe? Ìgbà wo ni mo wò ó jù, kí ni mò ń ṣe? Ẹ má kọ bóyá inú yín dùn tàbí kò dùn. Ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo lọ bá ọ̀gá. Bí ìwé náà bá fi hàn pé òpin iṣẹ́ lẹ kì í rí, ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, nígbà tí ẹ bá fẹ́ lo ìṣirò yìí nípàdé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wà níbẹ̀?” Ọ̀gá tó dáa á gbà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹjọ́ tí kò lórí ni wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa dá.

Àwọn kan wà tí mi ò ní dá dúró rárá: ẹni tí wọ́n ń fipá mú pa ìṣirò dà, àti ẹni tí wọ́n ń tẹ́ lójú ẹlẹgbẹ́. Kí àwọn yẹn wá ibòmíràn kíákíá. Bí ẹ bá sì bẹ̀bẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wà lórí èyí tó wà lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó lè tán èèyàn lókun, kó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ rí i lára, kó sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ má ran nǹkan mọ́. Wọn ò pè é ní àìsàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára yín, ìsinmi lẹ nílò ṣáájú ìwé pélébé. Àyà tẹ́ ẹ ní ó ń wúwo yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ti iṣẹ́ lọ́rùn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà bá pé, kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá, ẹ fún ìyàwó yín ní ìwé náà kó kà á.